Ǹjẹ́ Sánmà àti Ilẹ̀ Ní Ìbẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Ará, ní agbègbè Èjìgbò

  



Nígbàkúùgbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá gba ìsinmi, tí àwọn ọmọ Ará tí ó ń kàwé ní Ilé-Ifẹ̀, ní Òṣogbo tàbí ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó wà ní Èjìgbò bá wálé, ìbéèrè kan kì í ṣàìbá wọn dé. Ọmọ yóò sọ pé olùkọ́ òun wí pé gbogbo ohun tí ó wà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8 sẹ́yìn, àti pé kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yóò ní ọ̀rọ̀ kèfèrí ni, kí ọmọ má tún mú irú rẹ̀ wọ inú ilé òun mọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti ka ìwé pélébé méjì yóò ní kí wọ́n má jà, nítorí pé Àlùkùránì ti sọ bẹ́ẹ̀ gan-an láti nǹkan bí ọdún 1400 sẹ́yìn, àwọn òyìnbó ni kò tètè mọ̀. Ọmọ náà yóò wá dúró láàrin àwọn mẹ́ta, kò ní mọ ọ̀rọ̀ ta ni kí òun gbé sọ́kàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí pé ọ̀dọ́ tí kò bá rí ìdáhùn tí ó ní láárí gbà nínú mọ́sálásí yóò lọ gbà á níbòmíràn.

Kí Ìsìláàmù tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Gbogbo ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ yìí ni ó ti gbọ́ bí Olódùmarè ṣe rán Ọbàtálá láti ọ̀run, bí ẹmu ṣe pa á lójú ọ̀nà, tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ náà ṣe, tí ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀, tí ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án títí ilẹ̀ fi fẹ̀ ní Ifẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé àwọn tí ó sọ ọ́ kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan ni ó ń sọ. Nígbà tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, omi ti wà nísàlẹ̀, ọ̀run ti wà lókè, ẹ̀wọ̀n ti wà, adìẹ ti wà. Ẹmu pàápàá ti wà, èyí tí ó fi hàn pé ọ̀pẹ ti wà níbì kan. Ìtàn bí ìyàngbẹ ilẹ̀ ṣe dé ni. Ta ni ó dá omi? Ìtàn náà kò dúró níbẹ̀.

Ibi tí ìtàn Ifẹ̀ dákẹ́ sí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà tiwọn. Aristotle, ará Gíríìkì, gbà pé ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bí sánmà ti ń yí lónìí ni ó ti ń yí láti ayébáyé. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ yìí wọ àárín wọn. Ibn Sina, oníṣègùn àti ọlọ́gbọ́n tí ó kú ní ọdún 1037, kò sọ pé kò sí Ọlọ́hun o. Ohun tí ó sọ ni pé Ọlọ́hun ni orísun ayé, ṣùgbọ́n pé ayé ti ń ti ọ̀dọ̀ Rẹ̀ wá láti ìgbà tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti ara oòrùn wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Imam al-Ghazali ni ó dìde sí i ní ọdún 1095 nínú ìwé rẹ̀ Tahafutul-Falasifa, ó sì kà á mọ́ èrò mẹ́ta tí ó lè mú ẹni tí ó bá dì wọ́n mú jáde kúrò nínú ẹ̀sìn.

Kì í ṣe ìbínú ni al-Ghazali fi dá wọn lóhùn. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè ìṣirò. Oòrùn ń parí ìyípo rẹ̀ ní ọdún kan, ìràwọ̀ Zuhal sì ń lo ọgbọ̀n ọdún kí ó tó parí tirẹ̀. Nítorí náà, iye ìyípo Zuhal jẹ́ ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìyípo oòrùn. Bí méjèèjì kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀, iye méjèèjì kò lóǹkà. Báwo ni ohun tí kò lóǹkà yóò ṣe fi ìlọ́po ọgbọ̀n ju ohun mìíràn tí kò lóǹkà lọ? (Àwọn onímọ̀ ìṣirò òde òní ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dáhùn ìyẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò má rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.) Ibn Rushd ti Andalusia, tí a bí ní ọdún 1126, kọ odidi ìwé láti fi fèsì fún al-Ghazali. Mùsùlùmí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìrun ni gbogbo wọn ń kí.

Èrò àwọn onímọ̀ Tawhid tí ó tẹ̀lé al-Ghazali ni ó dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé kékeré tí as-Sanusi ti ìlú Tlemcen ní Àlùjẹ́ríà, ẹni tí ó kú ní ọdún 1490, kọ lórí ìmọ̀ Ọlọ́hun rìn jìnnà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ilé kéú ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbẹ́yìn nínú kíkọ́ rẹ̀. Ọmọ kéú tí ó bá ti kọjá nídìí rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ méjì: qidam àti huduth. Qidam ni ti Ọlọ́hun, pé kò sí ìgbà kan tí kò sí. Huduth ni ti ẹ̀dá, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ni. Ẹ̀rí tí ìwé náà mú wá kò lọ́jú pọ̀. Gbogbo ohun tí ojú ń rí ni ó ń yí padà: èyí tí ó dúró lè rìn, èyí tí ó ń rìn lè dúró. Ohun tí ipò ń yí mọ́ lọ́wọ́ báyìí kò lè jẹ́ aláìníbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó bá sì ní ìbẹ̀rẹ̀ nílò ẹni tí yóò mú un wá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé ta ni ó dá Ọlọ́hun kò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó nílò olùbẹ̀rẹ̀. Ànábì ti kìlọ̀ nínú hádíìsì pé Ṣàítánì ni ó máa ń ti ènìyàn dé orí ìbéèrè yẹn, pé kí ẹni tí ó bá débẹ̀ sá di Ọlọ́hun kí ó sì dáwọ́ dúró.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ lọ́wọ́ as-Sanusi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ al-Ghazali. Ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ kò dúró de ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ òyìnbó kí ó tó dúró.

Kí wá ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí? Ó yẹ kí a rọra sọ ibí yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń bú Big Bang, àti ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń yìn ín, ni kò mọ bí wọ́n ṣe dé ìdí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èrò tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn ni pé àgbáálá ayé dúró gbagidi, kò fẹ̀, kò sì súnkì. Nígbà tí Einstein rí i ní ọdún 1917 pé ìṣirò òun kò jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ó fi nǹkan kan kún ìṣirò náà kí ó lè dúró. Friedmann, ará Rọ́ṣíà, fi hàn ní ọdún 1922 pé ó lè máa fẹ̀. Lemaître, ará Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó jẹ́ fadá ìjọ Kátólíìkì, sọ ní ọdún 1927 pé ó ń fẹ̀ lóòótọ́. Ní ọdún 1929, Hubble, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rí jáde láti ojú awò ńlá orí òkè Mount Wilson pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà tó ni ó ṣe ń yára sá lọ tó.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń sá lọ? Ẹni tí ó bá ti dúró létí títì tí ó lọ láti Èjìgbò sí Ogbómọ̀ṣọ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè bọ̀, ti gbọ́ irú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ohùn fèrè ga. Bí ó bá ti kọjá, ohùn náà a rẹlẹ̀ lójijì, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ kò yí ọwọ́ fèrè padà. Ìmọ́lẹ̀ náà ní irú èyí: ìmọ́lẹ̀ ohun tí ó ń sá lọ máa ń fà sí pupa. Kì í sì í ṣe pé ilẹ̀ ayé yìí ni àwọn ìràwọ̀ ń sá fún. Bí oníbúrẹ́dì bá po ìyẹ̀fun tí ó sì da ẹ̀pà sí i, bí ìyẹ̀fun bá ṣe ń wú ni ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì. Èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá lójú yóò rò pé òun ni gbogbo àwọn yòókù ń sá fún. Ohun tí ó bá sì ń fẹ̀ lónìí, ó kéré lánàá. Ní ọdún 1931, Lemaître bá ọ̀rọ̀ náà lọ sẹ́yìn títí dé ibi tí gbogbo nǹkan ti wà ní ìfúnpọ̀ kan ṣoṣo.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbà. Fred Hoyle, ará Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Bondi àti Gold, gbé èrò mìíràn jáde ní ọdún 1948, pé àgbáálá ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bí ó ti ń fẹ̀ ni nǹkan tuntun ń wáyé díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo. Hoyle yìí kan náà ni ó sọ èrò àwọn kejì ní Big Bang lórí rédíò BBC ní ọdún 1949. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ní àkókò náà, bí a bá fi ìṣirò Hubble wá ọjọ́ orí àgbáálá ayé, nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2 ni ó ń jáde, èyí tí ó kéré sí ọjọ́ orí àwọn àpáta inú ilẹ̀. Ta ni yóò gbà pé ọmọ ju ìyá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí? Ìwọ̀n jíjìnnà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ni kò tọ́, wọ́n sì wá tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó yí ìdájọ́ padà ni ariwo kan. Ní ọdún 1964, Penzias àti Wilson ń lo ẹ̀rọ ńlá kan tí ó ń gba ìtànṣán rédíò láti òfúrufú ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà. Ariwo wẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò lọ, lọ́sàn-án àti lóru, ibikíbi tí wọ́n bá kọ ojú ẹ̀rọ náà sí. Ẹyẹlé ti tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n fọ ìgbẹ́ wọn dànù, ariwo kò lọ. Ooru ìgbà àkọ́kọ́ ni, tí ó ti tutù títí tí kò fi tó ìwọ̀n 3 sókè òtútù tí kò sí òtútù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ó lo tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ rántí bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí kò bá sí ilé iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀: díẹ̀ nínú híhó náà, díẹ̀ péré, láti ara ooru yìí ni. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978. Ní ọdún 2013, iṣẹ́ sátẹ́láìtì Planck fi ọjọ́ orí náà sí nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ gan-an? Ó sọ pé ní ìgbà náà, gbogbo ohun tí ojú awò lè rí wà ní ìfúnpọ̀, ó gbóná janjan, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń fẹ̀ tí ó ń tutù. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sẹ́yìn dé orí òdo gan-an, ìṣirò a fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni èrò ti yà. Hartle àti Hawking sọ ní ọdún 1983 pé ó lè jẹ́ pé àkókò fúnra rẹ̀ kò ní etí kan ní ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ojú ilẹ̀ ayé kò ti ní etí. Àwọn mìíràn sọ pé àgbáálá ayé kan ti súnkì kí èyí tó fẹ̀. Kò tí ì sí èyí tí ẹ̀rí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá sọ pé Big Bang fi hàn pé ayé kò ní Ẹlẹ́dàá ti kọjá ohun tí ìmọ̀ rẹ̀ sọ. Mùsùlùmí tí ó bá sì sọ pé Big Bang ti fi hàn pé Ọlọ́hun dá ayé láti inú àìsí, òun náà ti kọjá rẹ̀. Huduth tí as-Sanusi ń sọ ju ìbẹ̀rẹ̀ fífẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí yé Lemaître ju ẹlòmíràn lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1951, Póòpù Pius kejìlá bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ̀rọ̀ ní Róòmù, ó sì fi èrò náà ti ẹ̀kọ́ nípa dídá ayé lẹ́yìn. Ènìyàn yóò rò pé inú fadá tí èrò náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde yóò dùn. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Èrò rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àti pé ẹni tí kò gba Ọlọ́hun gbọ́ lè gbà á kí ó sì wà bí ó ti wà.

Àwọn Mùsùlùmí ní àpẹẹrẹ tí ó dàgbà ju ti Lemaître lọ. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì láti ọ̀dọ̀ Mariya, kú ní ọdún kẹwàá Hijira, òkùnkùn bo oòrùn ní ọjọ́ náà. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ Ànábì ni. Bàbá tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ni. Bí ó bá dákẹ́ lásán, ìgbàgbọ́ wọn ìbá tún lé sí i. Kò dákẹ́. Ó sọ fún wọn pé àmì méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun ni oòrùn àti òṣùpá, pé wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni, ó sì pè wọ́n sí ìrun. Àwọn tí ó rántí bí ọ̀sán ṣe ṣú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006 mọ bí ẹ̀rù irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Ànábì kò gba ẹ̀rí tí kì í ṣe òtítọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbe ẹ̀sìn rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìwé Maurice Bucaille, dókítà ará Faransé, lórí Bíbélì, Àlùkùránì àti sáyẹ́ǹsì ti jáde ní ọdún 1976, ó ti di àṣà láàrin ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí láti máa wá ìmọ̀ òyìnbó kọ̀ọ̀kan nínú áyà. Suratul-Anbiyai, áyà 30, ni wọ́n sábà máa ń mú fún Big Bang, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ nípa sánmà àti ilẹ̀ tí wọ́n wà ní lílẹ̀ pọ̀ kí Ó tó yà wọ́n. Ó bá a jọ, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nínú tafsir at-Tabari, àwọn kan láàrin àwọn ẹni ìṣáájú túmọ̀ rẹ̀ pé sánmà ti pa mọ́ láìrọ òjò, ilẹ̀ sì ti pa mọ́ láìhu ewéko, Ọlọ́hun sì ṣí méjèèjì. Ẹni tí ó bá kan áyà náà mọ́ ara Big Bang bí ìṣó, bí ìṣó bá yọ lọ́la ńkọ́? Ọmọ tí a sọ fún pé ìmọ̀ òyìnbó yìí ni ó jẹ́ kí Àlùkùránì jẹ́ òtítọ́ yóò pàdé olùkọ́ kan ní ọdún tí ó ń bọ̀ tí yóò sọ pé nǹkan ti wà ṣáájú Big Bang. Ìrun àárọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó tó kan àwọn yòókù. Àìmọ físíìsì kọ́ ni ó fà á. Ibi tí kò yẹ ni a gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ́.

Bàbá tí ó lé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ilé ńkọ́? Suratul-Ankabut, áyà 20, pa á láṣẹ kí ènìyàn rìn lórí ilẹ̀ kí ó sì wo bí Ọlọ́hun ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Ẹni tí a ní kí ó lọ wò, báwo ni a ó ṣe wá bu ojú rẹ̀ pa? Bí ọjọ́ mẹ́fà ni ó ń dà á láàmú, Àlùkùránì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí ó dà bí ẹgbẹ̀rún ọdún, àti ọjọ́ tí ó dà bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ọdún. Kò sí oòrùn tí ó ń là tí ó ń wọ̀ kí a tó dá oòrùn. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibùdó kan wà láti ọdún 1998 tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìmọ̀ òfúrufú. Bí ọmọ Ará kan bá débẹ̀, kí bàbá rẹ̀ ṣe àdúà fún un. Bí ó bá wọ yàrá ìdánwò, kí ó kọ 13.8 kí ó sì fà á nílẹ̀, kò tàpá sí Tawhid.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun rárá. Ó wà nínú ìwé Bukhari pé Imran ọmọ Husayn so ràkúnmí rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wọlé tọ Ànábì lọ. Àwọn ará Yemen wọlé, wọ́n ní àwọn wá béèrè bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni. Ànábì dá wọn lóhùn pé Ọlọ́hun wà, kò sí nǹkan mìíràn tí ó wà yàtọ̀ sí I, Al-Aríṣì Rẹ̀ sì wà lórí omi, Ó kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, Ó sì dá sánmà àti ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò fi ẹnu kò lórí gbogbo ohun tí ó wà nínú èsì yìí: Ibn Taymiyya (1263–1328) sọ pé ayé tí ojú ń rí yìí ni àwọn ará Yemen béèrè ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn sì sọ pé gbogbo ẹ̀dá pátá ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni ẹnì kan sáré wá sọ fún Imran pé ràkúnmí rẹ̀ ti já. Ó dìde, ó jáde, ó rí i tí ó ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ooru aṣálẹ̀ tí ó ń dán bí omi fi wà láàrin àwọn méjèèjì. Nígbà tí ó ń sọ ìtàn náà lẹ́yìn ọ̀la, ó búra pé ó wu òun kí òun ti jẹ́ kí ràkúnmí náà máa lọ, kí òun má dìde.